Ẹkùn tó wà lára ògiri wa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Bajulaiye dáadáa, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni Ṣómólú fi ń jẹun. Kàlẹ́ńdà ọdún tuntun, ìwé ìpè ìnáwó, pósítà òkú, páálí alífábẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri iléèwé jẹ́léósinmi, púpọ̀ nínú wọn ló ń ti ọ̀dọ̀ wa jáde. Ọ̀kan nínú àwọn páálí yẹn wà ní pálọ̀ wa. A fún ajá, B fún bàtà, D fún dígí, E fún ewúrẹ́, Ẹ fún ẹkùn. Ẹkùn tí wọ́n fi síbẹ̀ pọ́n bí ọsàn, ilà dúdú gbọọrọgbọọrọ sì wà lára rẹ̀ láti ọrùn dé ìrù.

Nígbà tí mo sọ nílé pé mò ń lọ sí Old Oyo National Park, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 6, sáré lọ sídìí páálí yẹn, ó fi ìka kan ẹkùn náà: "Àǹtí, ṣé ẹ máa rí èyí níbẹ̀?"

Mo ní rárá. Ó ní, "Ṣé wọ́n ti pa á tán ni?"

Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Ìbéèrè ọmọdé ni, àmọ́ ìdáhùn rẹ̀ pín sí méjì. Ẹranko tó wà nínú àwòrán yẹn, kò sẹ́ni tó lè pa á tán nílẹ̀ Yorùbá, torí kò gbébẹ̀ rí. Ẹranko tó ni orúkọ náà gan-an ni ọ̀rọ̀ kàn.

Ká kọ́kọ́ mú ti àwòrán kúrò ńlẹ̀. Ẹranko onílà gbọọrọ yẹn ni táígà. Éṣíà ni ilé ẹ̀. Ṣáínà ni wọ́n ti rí egungun táígà tó lọ́jọ́ lórí jù, ó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 2. Ìran rẹ̀ tàn dé Íńdíà, ó dé Rọ́ṣíà, ó dé erékùṣù Sumatra, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ Áfíríkà. Tẹ́ ẹ bá rí fídíò táígà ní Gúúsù Áfíríkà lórí YouTube, èèyàn ló kó o débẹ̀, inú ọgbà ni wọ́n sì ti ń sìn ín.

Márùn-ún ni àwọn ẹbí ológbò ńlá tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Panthera: kìnnìún, táígà, jaguar tó wà lọ́hùn-ún ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, snow leopard tó ń gbé orí òkè oníyìnyín ní Éṣíà, àti Panthera pardus, tí òyìnbó ń pè ní leopard. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni ẹkùn. Òun náà ni ògìdán. Òun ni wọ́n ń kì ní olóólà ijù, torí iṣẹ́ tí èékánná rẹ̀ ń ṣe lára ohun tó bá mú. Àwọn tó fún un láwọn orúkọ wọ̀nyẹn kò fojú kan táígà rí láyé wọn.

Báwo wá ni ẹkùn ṣe di táígà? Láyé ọjọ́un, ọ̀pọ̀ òyìnbó tó ń ṣòwò ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tiger ni wọ́n máa ń pe leopard tiwa. Gẹ̀ẹ́sì yẹn wọ iléèwé, tísà fi kọ́ ọmọ, ọmọ náà dàgbà, òun náà di tísà. Kò pa ẹnikẹ́ni lára nígbà yẹn, torí ẹni tó bá gbọ́ "ẹkùn" ti mọ ẹranko tí wọ́n ń wí. Ìgbà tí fọ́tò aláwọ̀ àti Google dé ni ọ̀rọ̀ bà jẹ́: ẹni tó ń ṣe páálí kọ tiger síbẹ̀, táígà ará Íńdíà yọjú, ó sì gbé e lé orí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Kì í ṣe ẹkùn nìkan ló ṣẹlẹ̀ sí o. Ìkookò tí wọ́n kọ́ wa pé òun ni wolf, ẹranko tí òyìnbó ń pè ní hyena ni. Àgbọ̀nrín tí wọ́n ní òun ni deer ńkọ́? Irú ẹran tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní antelope ni, torí kò sí deer kan tó jẹ́ ti ìgbẹ́ wa.

Lọ́dún 2020 tí àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá dá ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, àwa ọ̀rẹ́ jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú: ṣé leopard ni àbí cheetah? Orúkọ náà ṣì lè fa àríyànjiyàn láàárín àwọn àgbà, àmọ́ ẹranko méjèèjì kò ṣòroó dá mọ̀ yàtọ̀. Ara cheetah kún fún àmì dúdú róbótó róbótó bíi pé ẹnì kan ki ìka bọ inú yíǹkì, ó fi ń tẹ̀ ẹ́ lára. Ó tún ní ilà dúdú kan láti ojú wá sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, bí ipa omijé. Ti ẹkùn kì í ṣe àmì kan kan bẹ́ẹ̀ yẹn. Àwọn àmì kéékèèké ló pagbo, àárín agbo náà sì dúdú díẹ̀ ju ìyókù awọ lọ. Ẹ fi agbo yẹn sọ́kàn, a máa padà wá bá a.

Oṣù Kejì la lọ, àwa mẹ́rin, gbogbo wa ọmọ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, owó ọwọ́ wa kò sì tó nǹkan. A wọkọ̀ ní Ọ̀jọ́tà, a gba Ìbàdàn, a sọ̀ ní Ọ̀yọ́. Ìsokùn, nínú ìlú Ọ̀yọ́, ni orílé-iṣẹ́ páàkì náà wà. Ẹ kọ́kọ́ kàn sí wọn níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, torí inú ìgbẹ́ fúnra rẹ̀ ṣì jìnnà sí ìlú, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ dá a wọ̀ láìsí ẹ̀ṣọ́. Apá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rì la gbà wọlé. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dáa jù, láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹrin, nígbà tí koríko gíga ti gbẹ, tí omi sì kù síbi díẹ̀, tí gbogbo ẹranko ń wá mu níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lọ nígbà òjò, koríko nìkan lẹ máa rí.

Páàkì náà tóbi: 2,512 kìlómítà níbùú lóòró. Ká fi wé Ìpínlẹ̀ Èkó lódindi, ó tó ìdá méje nínú mẹ́wàá rẹ̀. Igbó ọba méjì ni wọ́n so pọ̀. Wọ́n ya Upper Ogun sọ́tọ̀ ní 1936, Ọ̀yọ́-Ilé ní 1941. Ní 1952 wọ́n sọ wọ́n di ibi ìtọ́jú ẹranko, ní 1991 ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di national park. Àwókù Ọ̀yọ́-Ilé, ìlú tí àwọn Aláàfin ti jọba kí wọ́n tó kó kúrò láàárín 1830 sí 1840, wà nínú rẹ̀, igi ti hù bo ògiri ìlú. Odò Ògùn náà gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ̀yin ará Bàrígà, ọ̀sà tẹ́ ẹ̀ ń wò láti Ìlàjẹ, odò yẹn wà lára àwọn tó ń ṣàn wá sínú rẹ̀, láti inú rẹ̀ ni iléeṣẹ́ omi Adíyan sì ti ń fa omi tí wọ́n ń tọ́jú fún Èkó. Nítorí náà, bí ìgbẹ́ yẹn bá ṣe rí kan ẹni tó ń gbé Bajulaiye, bó tiẹ̀ wù kó má débẹ̀ rí.

Aago mẹ́fà àárọ̀ la bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. A rí agbo kob, ẹran pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí tí akọ rẹ̀ ní ìwo tó tẹ̀ kọrọdọ, wọ́n ń jẹ koríko tútù tó ń yọ níbi tí iná ti jó. A rí ìjímèrè mẹ́ta tí wọ́n ń sáré lórí ilẹ̀ gbalasa bí ajá. A rí awó lọ́pọ̀lọpọ̀. Ìnàkí, èyí tí ẹnu rẹ̀ gùn bíi ti ajá, pọ̀ débi pé a kò yà wọ́n ní fọ́tò mọ́. Nígbà tó yá, lẹ́bàá omi, ọ̀kan nínú wa pariwo: "Ẹ wá wo ẹsẹ̀ rèé!"

Ọkàn mi sáré lọ́jọ́ yẹn. Ipa ẹsẹ̀ ni lóòótọ́, ó tẹ̀ sínú ẹrẹ̀ dáadáa, ìka mẹ́rin. Ẹ̀ṣọ́ tó ń mú wa kiri, bàbá kan tí irun orí rẹ̀ ti ń funfun, bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, ó sì fi ẹnu ọ̀bẹ tọ́ka sí ihò tín-tín mẹ́rin níwájú àwọn ìka. Ṣé ẹ rí i, ẹbí ológbò, yàtọ̀ sí cheetah, máa ń ká èékánná wọn sínú tí wọ́n bá ń rìn, kó má baà kú. Ẹsẹ̀ ẹkùn kì í fi àmì èékánná sílẹ̀. Àwọn ẹranko bí ajá àti ìkookò kò lè ká tiwọn.

"Ajá ni," bàbá náà ní. "Ajá ọdẹ." Ó dìde, kò sọ nǹkan míì fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò sí ọdẹ tí òfin gbà láyè níbẹ̀.

Mo bi í léèrè lójú ọ̀nà: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti rí ẹkùn níbí rí?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá mi ló rí ẹkùn, ọmọ mi. Awọ rẹ̀ ni èmi rí, láàfin."

Àmọ́ pé èèyàn kò rí ẹkùn kò túmọ̀ sí pé kò sí ẹkùn. Àwọn àgbà ní yíyọ́ ẹkùn, ti ojo kọ́. Òru ló fi ń rìn jù, òun nìkan ló máa ń dá rìn, àwọ̀ rẹ̀ sì bá ewé àti òjìji mu débi pé ẹ lè kọjá lábẹ́ igi tó sùn lé kẹ́ ẹ má mọ̀. Báwo wá ni wọ́n ṣe ń ka ohun tí kì í jẹ́ kí wọ́n rí òun?

Kámẹ́rà ni wọ́n ń so mọ́ igi, níwọ̀n gíga orúnkún èèyàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà tí ẹranko ń gbà. Kámẹ́rà náà ní ẹ̀rọ tó ń mọ̀ bí ohun kan tó gbóná bá kọjá níwájú rẹ̀, á sì ya fọ́tò fúnra rẹ̀. Ibí yìí ni agbo dúdú ara ẹkùn ti wúlò. Kò sí ẹkùn méjì tí àmì ara wọn bára mu, gẹ́gẹ́ bí ìtẹ̀ka tiwa. Ìgbáròkó ọ̀tún kò tilẹ̀ jọ ti òsì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń so kámẹ́rà méjì kọjú síra, kí wọ́n lè ya ìhà méjèèjì pọ̀, kí wọ́n má baà ka ẹkùn kan ṣoṣo ní méjì.

Lẹ́yìn náà, ìṣirò ló kù. Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí Bajulaiye. Ká ní ẹ fẹ́ mọ iye kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń ná ọ̀nà yẹn, ẹ ò sì lè rí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ dúró síbi kan, ẹ kọ nọ́ńbà kẹ̀kẹ́ 20 sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ padà wá, ẹ rí kẹ̀kẹ́ 30, 6 nínú wọn sì wà nínú ìwé tẹ́ ẹ kọ lánàá. Mẹ́fà nínú ọgbọ̀n, ìdá kan nínú márùn-ún nìyẹn. A jẹ́ pé 20 tẹ́ ẹ kọ lọ́jọ́ Ajé náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo kẹ̀kẹ́ tó wà. Gbogbo wọn á jẹ́ bí 100. Ẹ ò ka 100, síbẹ̀ ẹ mọ̀ ọ́n. Ọgbọ́n yìí ní ibi tó kù sí o. Tí kẹ̀kẹ́ mẹ́wàá bá ṣí lọ sí Oyíǹgbò lálẹ́ ọjọ́ Ajé, ìṣirò yín á yẹ̀. Tí awakọ̀ kan bá sì wà tí kì í gba iwájú yín kọjá láéláé, ẹ ò lè mọ̀ pé ó wà. Àwọn tó ń ka ẹkùn ní ìṣòro kan náà, torí akọ ẹkùn máa ń rìn jìnnà ju abo lọ, ìṣirò tí wọ́n ń lò báyìí sì le ju ti kẹ̀kẹ́ wa lọ dáadáa.

Ìnàkí pọ̀ ní ojú wa, ẹkùn ò sí. Ká má gbàgbé ipa ajá yẹn náà. Oúnjẹ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹkùn lè jẹ ohunkóhun, láti orí kòkòrò dé orí ẹran ńlá, ṣùgbọ́n èyí tó fẹ́ràn jù ni ẹran tó wúwo tó kìlógíráàmù 10 sí 40: ẹtu, ìgalà, ọmọ kob. Ẹ wá rántí àwọn tó ń na ẹran ìgbẹ́ sókè lẹ́bàá títì Èkó sí Ìbàdàn. Irú ẹran wo ni wọ́n máa ń nà? Ẹran tí ọdẹ lè dá gbé sórí ọ̀kadà, tó sì máa mówó wọlé. Àwa àti ẹkùn, abọ́ kan náà la ti ń jẹun. Àwọn onímọ̀ tó ṣèwádìí nínú igbó Gabon rí i pé ibi tí ọdẹ ti ń pa ẹran gan-an, àwọn ẹran kéékèèké ni ẹkùn ń jẹ, ibi tí ọdẹ pọ̀ jù sì wà tí wọn kò rí ẹkùn rárá. Kò sẹ́ni tó yìnbọn lù ú níbẹ̀ dandan. Ebi ló lé e.

Awọ náà wà níbẹ̀. Láti 1975 ni àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES ti dí ọ̀nà òwò awọ ẹkùn láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, Nàìjíríà náà sì ṣòfin tirẹ̀ ní 1985. Èmi ò bá àwọn ọba tí awọ ẹkùn ìgbà baba wọn wà láàfin jà. Èyí tuntun tí àwọn olówó ń wá fi ṣe oyè ni mò ń bá wí.

Tí ẹkùn bá wá lọ, ta ló pàdánù? Ẹ bi àwọn àgbẹ̀ Gánà. Láti 1968 ni àwọn ẹ̀ṣọ́ àwọn páàkì wọn ti ń kọ iye ẹranko tí wọ́n ń rí sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, irú àkọsílẹ̀ tó ṣọ̀wọ́n púpọ̀ ní agbègbè wa. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tú ìwé náà wò, wọ́n rí i pé níbi tí kìnnìún àti ẹkùn ti pòórá, ìnàkí ló gbalẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ìbẹ̀rù ẹkùn kì í jẹ́ kí ìnàkí jìnnà sí igi. Ní báyìí tí olóólà ijù ti kúrò, wọ́n ń jẹ ẹyin ẹyẹ àti ọmọ ẹran ìgbẹ́, wọ́n sì ń ya wọ oko àgbàdo lọ́sàn-án gangan. Àwọn òbí kan wá ń fa ọmọ wọn yọ ní iléèwé kí wọ́n lè máa ṣọ́ oko. Nígbà tí mo ka ìyẹn, mo rántí ìnàkí tó sú wa láti yà ní fọ́tò.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má da ara mi láàmú, pé ẹranko ńlá ti parí ní gbogbo ayé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1936 kan náà tí wọ́n ya Upper Ogun sọ́tọ̀, Íńdíà dá páàkì tirẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Corbett lónìí. Táígà ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ parí: lọ́dún 1972, 1,827 péré ni wọ́n kà ní gbogbo Íńdíà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò ńlá kan nítorí táígà, Corbett ni wọ́n sì ti ṣí i. Lọ́dún 2022, iye táígà wọn ti lé ní 3,000, kámẹ́rà orí igi ni wọ́n sì fi kà wọ́n. Kì í ṣe ọ̀fẹ́. Wọ́n náwó lé e lọ́dọọdún, wọ́n sì ṣí àwọn ará abúlé kan nípò, ọ̀rọ̀ tó ṣì ń dun ọ̀pọ̀ wọn títí dòní. Mi ò ní ká ṣe é bí tiwọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹranko tí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, tí wọ́n mọ iye rẹ̀, ni ìjọba lè béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Ní agbègbè tiwa, ibi tí ìrètí pọ̀ sí jù ni igbó ńlá tó pa ààlà Benin, Burkina Faso àti Niger pọ̀, tí páàkì W, Arly àti Pendjari wà nínú rẹ̀. Ẹkùn wà níbẹ̀, erin wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ka kìnnìún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, bí 400 péré ni wọ́n rò pé ó kù, tó pọ̀ jù nínú wọn sì wà nínú igbó yìí. Ṣùgbọ́n àwọn agbébọn ti wọ ibẹ̀. Lọ́dún 2019 wọ́n jí àwọn àlejò gbé ní Pendjari, wọ́n sì pa ọmọ Benin tó ń mú wọn kiri. Nítorí náà, ẹ má tíì di ẹrù yín.

Nígbà tí mo padà dé Bajulaiye, mo mú fọ́tò ẹkùn gidi lọ bá ọ̀gá atẹ̀wé kan ládùúgbò. Ó wò ó, ó wò mí. "Àǹtí, àmọ̀tẹ́kùn nìyí. Ẹkùn ló máa ń ní ilà gbọọrọ." Mo jókòó, mo ṣàlàyé títí. Ó ní òun ti gbọ́, àmọ́ òun ti tẹ páálí ti sáà yìí tán, kí n rán òun létí tó bá di sáà tó ń bọ̀. Ó bá mi tẹ ẹyọ kan, kò gbowó lọ́wọ́ mi.

Mo lẹ̀ ẹ́ bo táígà náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dúró tì mí, ó ń wo àwọn agbo dúdú yẹn. Ó ní, "Èyí ni wọ́n ti pa tán?"

Mo ní wọn ò tíì pa á tán.

"Ibo ló wà?"

Mo mú fóònù mi jáde, mo ṣí máàpù, a jọ ń fi ìka wá Pendjari.